Fláàṣì 32GB mi di 5MB lẹ́yìn tí mo kọ Ubuntu sí i. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Tísà Ìjerò · Sátidé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Láptọ́ọ̀pù HP àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, kọ̀ǹpútà mi kò sì ní ohun tí Windows 11 ń béèrè, ni mo bá ní kí n gbé Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn Linux tó lè rọ́pò Windows, sórí rẹ̀. Òru ni mo wa ISO rẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo Ubuntu sínú, sílẹ̀ nítorí pé dátà òru ló dínwó, mo sì fi balenaEtcher kọ ọ́ sórí fláàṣì 32GB. Ó ṣiṣẹ́. Ubuntu wọlé wẹ́rẹ́, kò yọ mí lẹ́nu rárá.

Ìgbà tí mo fẹ́ padà lo fláàṣì náà ni wàhálà dé. Mo fẹ́ fi kó ìbéèrè ìdánwò àwọn JSS 2 lọ tẹ̀ ní Adó. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì wa, Windows ni. Ó ní kí n fọ́ọ̀máàtì dísìkì kí n tó lè lò ó. Mo tẹ Cancel. Mo wo This PC, mo rí dráìfù kan tí kò ju 5MB lọ. 5MB! Èmi tí mo sanwó 32GB. Mo tẹ Format lórí èyí tí mo rí, ó ní òun ti parí, 5MB náà ṣì ni. Mo lọ sí Disk Management, Delete Volume ti ṣá bí aṣọ tó ti gbó, kò ṣe é tẹ̀.

Ọjọ́rú ni ìdánwò o. Ṣé Ubuntu ti ba fláàṣì mi jẹ́ ni?

Ọmọ Ìkọ̀lé · 8:31 alẹ́

Tísà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ti lọ nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ nù kẹ́ ẹ ra òmíràn. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ Linux sí i, inú dúrọ́ọ̀ ló wà títí dòní. Nǹkan Linux yìí máa ń jó fláàṣì ni.

Alátùn-únṣe Òkèṣà · 9:03 alẹ́

Ọmọ Ìkọ̀lé, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tísà, ẹ má sọ nǹkan kan nù. Kò sóhun tó ṣe fláàṣì yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi oko ṣàlàyé. Ká ní oko bàbá yín tó éékà mẹ́ta, pèrègún ló sì wà ní ààlà rẹ̀. Ẹnì kan wọ ibẹ̀ lóru, ó hú gbogbo pèrègún, ó tún wọn gbìn bó ṣe wù ú. Ó gé abala ńlá kan sọ́tọ̀, ó gé igun kékeré kan sọ́tọ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ láìsí ààlà. Ilẹ̀ kò kéré sí i. Pèrègún ló ṣí kúrò níbi tó wà.

Ohun tí Etcher ṣe gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé ó gbé fáìlì ISO sínú fláàṣì yín bí ẹ ṣe máa ń gbé orin tàbí fọ́tò. Ó da ISO náà lé e lórí láti orígun àkọ́kọ́, báìtì kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kan àtẹ ààlà tó wà nínú ISO yẹn. Ti yín tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti rọ́ lọ. Àtẹ tuntun yìí wá pín fláàṣì náà. Ìpín tó tóbi wà lọ́nà ISO 9660, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ CD látayébáyé, Windows kì í sì í retí rẹ̀ lórí fláàṣì. Òun ló ń ní kí ẹ fọ́ọ̀máàtì. Ìpín kékeré jẹ́ ti EFI, FAT, ọ̀nà ìtò fáìlì tí ọ̀pọ̀ fláàṣì ń lò, ni wọ́n fi kọ ọ́, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń wò nígbà tó bá fẹ́ gbéra láti orí fláàṣì. Windows mọ FAT dáadáa, nítorí náà 5MB yẹn ló rí tó ń fi hàn yín. Gbogbo ilẹ̀ tó ṣẹ́kù, Windows kò rí i lò.

Format tí ẹ tẹ̀ yẹn, igun kékeré yẹn nìkan lẹ fi ro. Kò sí bó ṣe lè kan ìyókù oko.

Ti Delete Volume tó ti ṣá: Disk Management kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ìpín EFI rẹ́, nítorí pé bí ẹ bá pa èyí tó wà lórí dísìkì ilé rẹ́, kọ̀ǹpútà kò ní gbéra mọ́. Kò bìkítà pé orí fláàṣì leléyìí wà.

Mo ń bọ̀ wá kọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ jẹ́ n tan jẹnẹrétọ̀ ná, iná ti lọ.

Alátùn-únṣe Òkèṣà · 9:26 alẹ́

Ó yá. Lórí Windows, ẹ yọ gbogbo fláàṣì mìíràn àti hard disk àfikún kúrò, kó ku èyí tí ẹ fẹ́ tún ṣe nìkan. Ẹ tẹ cmd sí ibi ìwákiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀, ẹ mú Run as administrator. Nínú fèrèsé dúdú tó bá yọ, ẹ tẹ àwọn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa tẹ Enter lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan:

diskpart
list disk

Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ ka ohun tó gbé jáde. Ó máa to àwọn dísìkì sílẹ̀ láti Disk 0. Disk 0 sábà máa ń jẹ́ ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ẹ máa rí i tí yóò jẹ́ 465GB tàbí 238GB. Ti yín máa sún mọ́ 29GB. Ìwọ̀n yẹn ni kẹ́ ẹ fi dá a mọ̀, ẹ má fi nọ́ńbà há orí. Ká ní Disk 1 ni:

select disk 1
list disk

Mo mọ̀ pé mo tún ní kẹ́ ẹ tẹ list disk. Ìràwọ̀ kékeré kan máa wà níwájú èyí tí ẹ yàn. Tí ìràwọ̀ náà bá wà níwájú 29GB, ẹ tẹ̀ síwájú:

clean
create partition primary
format fs=exfat quick
assign
exit

clean ló ń hú gbogbo pèrègún. create partition primary ló ń gbìn wọ́n padà sí ààlà oko lódindi. format ló ń ro ó, assign ló ń fún un ní lẹ́tà bí E: tàbí F:. Bí clean bá ní Access is denied, ẹ pa gbogbo fèrèsé This PC tó ṣí, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀.

Ìyá Kàfé Ìfàkì · 9:40 alẹ́

Ọ̀rọ̀ select disk yẹn, ẹ má fi ṣeré o. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ojú má tì mí mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé fláàṣì wá, ó ní kí n bá òun tún un ṣe. Mo ti ṣe diskpart tó ìgbà àìmọye, mo ti mọ̀ pé fláàṣì ni Disk 1. Mi ò ka nǹkan kan. Mo tẹ select disk 1, mo tẹ clean, Enter. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ní òun ti parí. Mo wo fláàṣì, bó ṣe wà ló wà. Ara mi bú màṣà. Hard disk àfikún tí mo fi ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn oníbàárà ló wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo ti gbàgbé pé mo so ó mọ́ ọn láàárọ̀. Òun ni Disk 1 lọ́jọ́ yẹn. Fláàṣì ni Disk 2.

clean kì í bi èèyàn pé ṣé ó dá a lójú. Kò ní Yes, kò ní No. Bó o bá ti tẹ Enter, ó ti ṣe é.

Ọlọ́run yọ mí, ètò kan tí ń jẹ́ TestDisk bá mi wá àtẹ ààlà náà padà, nítorí pé mi ò kọ nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Iyán ni mo gún o, iyán Èkìtì, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sì wà nílẹ̀. Mi ò lè gbé e mì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ · 10:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Màámi Kàfé, ẹ kú orí ire.

Ẹ̀gbọ́n Òkèṣà, ẹ má bínú tí mo bá fi díẹ̀ kún un. Ó dà bíi pé ètò kan tí ń jẹ́ Rufus máa rọrùn fún Tísà ju diskpart lọ. Kò pọn dandan láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ bá ti wà á sílẹ̀ ẹ kàn máa ṣí i ni. Ẹ yan fláàṣì yín lókè, níbi Boot selection ẹ mú Non bootable, ẹ yan exFAT tàbí FAT32 nísàlẹ̀, ẹ tẹ START. Ohun kan náà ló máa ṣe. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í fi hard disk han èèyàn bí kò ṣe pé èèyàn fúnra rẹ̀ lọ mú List USB Hard Drives. Ohun tó ṣe Màámi kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí kò ní Windows rárá bíi tèmi, lórí Linux:

lsblk

Ẹ wo ìwọ̀n, ẹ wá èyí tó jẹ́ 29GB. Ká ní sdb ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ná pẹ̀lú sudo umount /dev/sdb?*, lẹ́yìn náà:

sudo wipefs -a /dev/sdb

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Disks tàbí GParted, ẹ ṣe àtẹ ìpín tuntun àti ìpín kan ṣoṣo. Bí GParted bá yọ sí yín pé dísìkì ní búlọ́ọ̀kù òun jẹ́ 2048, pé Linux ní 512 ni, ẹ má jáyà. Àmì ara ISO tó ṣẹ́ kù sórí fláàṣì ló ń kà. wipefs yẹn máa nù ún kúrò.

Alátùn-únṣe Òkèṣà · 10:14 alẹ́

Àbúrò, o ṣeun. Rufus dára, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Tísà mọ diskpart, nítorí pé ó wà lórí gbogbo Windows, kódà lọ́jọ́ tí kò bá sí dátà láti fi wa Rufus. Àgbà kì í jẹ àjẹ ìwẹ̀yìn, mi ò ní bá ẹ jà lórí rẹ̀.

Kọ́pà Ìkẹ́rẹ́ · Sọ́ńdè, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Fláàṣì 64GB ni mo ní, irinṣẹ́ Microsoft, Media Creation Tool, ni mo fi kọ Windows 11 sí i. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó ti di 32GB. Níbo ni ìdajì lọ?

Àti pé mo ti ka clean all níbì kan. Ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kí Tísà lò kó lè mọ́ tónítóní?

Alátùn-únṣe Òkèṣà · 7:52 àárọ̀

Kọ́pà, ìdajì kò lọ síbì kankan. FAT32 ni irinṣẹ́ yẹn máa ń lò, ó sì ti pẹ́ tí Windows kì í fẹ́ ṣe FAT32 tó ju 32GB lọ fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé FAT32 fúnra rẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó gé 32GB, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà dá a padà: clean, create, format.

clean all? Rárá o. clean lásán ń nu ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí dísìkì níbi tí àtẹ ààlà wà. clean all ń kọ òdo sí gbogbo orígun, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì ní parí kíákíá lórí fláàṣì tó ń fa ẹsẹ̀. Fláàṣì pẹ̀lú ní iye ìgbà tí wọ́n lè kọ nǹkan sí i kó tó rẹ̀ ẹ́. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn jẹ ẹ́ fún? Bí ẹ bá fẹ́ tà á fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ìyẹn lọ́rọ̀.

exFAT tí mo sọ fún Tísà: FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó bá ti tó 4GB. Fídíò ìgbéyàwó kan ṣoṣo ti kọjá ìyẹn. exFAT gbà á. Ṣùgbọ́n rédíò mọ́tò àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kì í sábà mọ exFAT, nítorí náà bí orin ni ẹ fẹ́ gbọ́ lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, FAT32 ni kẹ́ ẹ ṣe.

Tísà Ìjerò · 2:38 ọ̀sán

Ẹ bá mi yọ̀ o! A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, aṣọ funfun ṣì wà lára mi, mo ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

Mo yọ gbogbo nǹkan kúrò lára rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, kódà mo yọ máòsì, ìbẹ̀rù ni. Mo tẹ list disk, mo rí Disk 0 tó jẹ́ 465GB, mo rí Disk 1 tó jẹ́ 29GB. Mo pe ọmọ mi wá kó wá bá mi kà á. Ó kà á, ó ní 29 ni. Mo tẹ select, mo wá ìràwọ̀ náà, mo rí i. Mo tẹ clean, ó ní Access is denied. Àyà mi já. Mo rántí pé This PC ṣì ṣí lẹ́yìn, mo pa á, mo tún tẹ clean, ó gbà.

Fláàṣì mi ti padà. Ṣùgbọ́n 29GB ni mo ń rí, ó lé díẹ̀. Ṣé 3GB tó kù ni Ubuntu jẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ · 3:01 ọ̀sán

Ẹ kú oríire, Tísà! Ubuntu kò jẹ ẹ́. Bó ṣe wà nìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, ẹ kò ṣàkíyèsí ni. Ẹni tó ṣe fláàṣì ń fi ẹgbẹ̀rún kà: 32GB tirẹ̀ jẹ́ báìtì bílíọ̀nù 32. Windows ń fi 1024 kà, nítorí náà GB kan tirẹ̀ jẹ́ báìtì 1,073,741,824. Bí ẹ bá pín bílíọ̀nù 32 sí ìyẹn, 29.8 lẹ máa rí. Bíi ká fi kóńgò ńlá wọn gàrí tí wọ́n ti fi kóńgò kékeré wọ̀n fún wa lọ́jà: gàrí kò dín, iye kóńgò ló yàtọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Akọrin · 5:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, bóyá ó ti pẹ́ jù fún tèmi. Fláàṣì 32GB tí mo fi Etcher kọ Linux sí lóṣù tó kọjá, fọ́tò àjọ̀dún ẹgbẹ́ akọrin wa wà níbẹ̀. Mo rò pé mo ti kó wọn sórí kọ̀ǹpútà. Lónìí ni wọ́n béèrè wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wá wọn tì. Mo ti fẹ́ máa ṣe clean yìí kí n tó rántí.

Alátùn-únṣe Òkèṣà · 5:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ DÚRÓ. Ẹ yọ fláàṣì náà kúrò báyìí. Ẹ má clean, ẹ má fọ́ọ̀máàtì, bí Windows bá ní kẹ́ ẹ fọ́ọ̀máàtì ẹ tẹ Cancel.

Ẹ dá mi lóhùn: báwo ni ISO náà ṣe tóbi tó? Ṣé ẹ ti kó nǹkan mìíràn sí i lẹ́yìn náà?

Bọ̀ọ̀dá Akọrin · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ó sún mọ́ 3GB, Linux Mint ni. Mi ò kó nǹkan kan sí i.

Alátùn-únṣe Òkèṣà · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ìrètí wà. ISO náà da ara rẹ̀ lé 3GB àkọ́kọ́ lórí, ìwọ̀nyẹn ti lọ, kò sí babaláwo tó lè dá wọn padà. Ìyókù fláàṣì, Etcher kò fọwọ́ kàn án. Pèrègún ibẹ̀ ló ti hú, iṣu ṣì wà nínú ebè.

Ẹ wa PhotoRec sílẹ̀, inú àpò kan náà ló wà pẹ̀lú TestDisk tí Ìyá Kàfé dárúkọ, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ yan fláàṣì náà lódindi, ẹ má yan ìpín kankan nínú rẹ̀. Níbi tó bá ti béèrè ibi tí yóò kó wọn sí, inú kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ mú. Bí ẹ bá mú fláàṣì náà fúnra rẹ̀, fọ́tò tí ẹ bá rí ló máa máa jókòó lé èyí tí ẹ kò tíì rí. PhotoRec kì í ka orúkọ fáìlì, ìrísí ìbẹ̀rẹ̀ JPEG ló ń wá kiri. Nítorí náà gbogbo orúkọ máa di f àti nọ́ńbà gbọọrọ. Ẹ ní láti máa ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ìkọ̀lé · 8:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Òkèṣà, mo júbà. Mo ti yọ tèmi jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo ṣe gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ wí. Ó ní The media is write protected. Mo tẹ attributes disk clear readonly, ó ní òun ti ṣe é. Mo tẹ clean, ó tún ní write protected. Mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, bákan náà. Kò sí bọ́tìnnì kankan lára rẹ̀ tí mo lè tì.

Alátùn-únṣe Òkèṣà · 8:33 alẹ́

Ṣé o lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀?

Ọmọ Ìkọ̀lé · 8:35 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Fáìlì Linux yẹn wà níbẹ̀ kedere. Mo tiẹ̀ fi gbé kọ̀ǹpútà dìde.

Alátùn-únṣe Òkèṣà · 8:41 alẹ́

Háà. Tìẹ ni kó o sọ nù.

Mi ò ṣàwàdà. Ọ̀pọ̀ fláàṣì ni chip tó ń darí wọn máa ń ti ilẹ̀kùn kíkọ pa nígbà tí ìrántí inú wọn bá ti rẹ̀ jù, kí onílé lè ráyè kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kíkà nìkan ló kù. Kì í ṣe Windows ló tì í, kò sí àṣẹ kankan tí Windows lè pa tó máa ṣí i. Linux kọ́ ló pa á o, ó ti ń kú bọ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí o kọ ọ́ gbẹ̀yìn ló kàn bọ́ sí. Bó o bá fẹ́, kọ "Linux" sí i lára, kó o máa fi gbé kọ̀ǹpútà tó bá dákú dìde. Ìyẹn ló kù tó lè ṣe.

Ọmọ Ìkọ̀lé · 8:44 alẹ́

Ẹ wò ó, mo ti sọ ọ́ láti alẹ́ àná pé kí wọ́n sọ ọ́ nù 😂 Fláàṣì ẹlòmíràn ni mo kàn sọ ọ́ sí.

Ìyá Kàfé Ìfàkì · Mọ́ńdè, 10:10 àárọ̀

Ó ku ẹyọ kan tí ẹnì kankan kò tíì mẹ́nu bà: fláàṣì ayédèrú. Ọmọkùnrin kan gbé fláàṣì wá sọ́dọ̀ mi, 1TB ni wọ́n kọ sí i lára, owó tó rà á kò tó ra 64GB gidi. Ó ní Windows kì í wọlé, ní ìdajì ọ̀nà ni yóò sọ pé fáìlì kan sọnù, yóò gbé 0x8007000D jáde. Ó ti wa ISO lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rò pé ISO ló bàjẹ́. Dátà ti tán lápò rẹ̀.

Mo ṣí H2testw, ètò tó ń dán fláàṣì wò, mo ní kó kún fláàṣì náà kó sì kà á padà. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tó parí, gbogbo ohun tó kọjá bí 14GB ló ti di pàǹtírí. Fláàṣì 16GB ni wọ́n kọ́ ní irọ́, wọ́n ní kó máa sọ fún gbogbo kọ̀ǹpútà pé 1TB lòun. Bí o bá kó nǹkan sí i, yóò gbà á, yóò ní òun ti gbà á, kò sì ní rí i mọ́.

Nítorí náà bí ìfisórí bá ń kùnà lójú kan tí kò yẹ, ẹ wo fláàṣì kẹ́ ẹ tó bú Windows.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ · 11:30 àárọ̀

Òótọ́ ni, Màámi. Lórí Linux, F3 ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. f3write á kún un, f3read á kà á padà. Tí ẹ kò bá lè dúró pẹ́, f3probe máa ń sọ ìwọ̀n gidi láìpẹ́. Ẹ sì wo SHA256 ISO yín, ìyẹn àmì àyẹ̀wò tó yẹ kó bá ti ojúlé tí ẹ ti wà á mu, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ISO ló ní àbùkù tàbí fláàṣì. Ọmọkùnrin yẹn ì bá ti dá dátà ẹ̀ẹ̀mejì sí.

Tísà, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ Linux lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbìyànjú Ventoy. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbé e sórí fláàṣì, yóò pín in sí méjì: ìpín 32MB kan fún ara rẹ̀, ìyókù di exFAT tiyín. ISO tí ẹ bá fẹ́, ẹ kàn máa gbé e síbẹ̀ bí fáìlì, ìbéèrè ìdánwò yín náà lè jókòó tì í. Kò sí diskpart mọ́. Bí Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń gbéra wò, bá wà ní títàn, ó lè béèrè pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ kàn tẹ̀ lé ohun tó bá kọ sójú.

Bọ̀ọ̀dá Akọrin · Túsìdeè, 6:25 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. PhotoRec ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta fọ́tò tó jáde, pẹ̀lú ìdá fáìlì orin bíi mélòó kan tí mi ò tiẹ̀ rántí mọ́. Mẹ́rin nínú fọ́tò àwọn alto gé láàárín, orí wà, ẹsẹ̀ di àwọ̀ eérú. Èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ dúró sí iwájú pẹpẹ jáde pé pérépéré. Ẹ̀gbọ́n Òkèṣà, Olúwa á tún tiyín ṣe.

Tísà Ìjerò · Túsìdeè, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Èkìtì kete! Mo ti Adó dé, ìwé ìdánwò wà nínú àpò mi. Fláàṣì ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́, ó ṣí fáìlì náà lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo ń kọ́ wọn, ó sì dà bíi pé fọ́ńtì tí mo fi kọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní ẹ́ àti ọ̀ ti di àpótí àpótí. Ìbéèrè kìíní, "Kí ni àmì ohùn?", gbogbo àmì ohùn ibẹ̀ ló ti lọ. Mo fi bírò kún ọgọ́jọ ìwé lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ bí mo ṣe lè fi fọ́ńtì sínú PDF kó tó di ìdánwò SS 1, mo ti ṣí ìbéèrè tuntun fún ìyẹn.